Àárò Èkó Àtijọ́: Ìdí tí Ọmọ Onílùú àti Àtọ̀húnrìnwá fi ń Jiyàn lórí Ìlú tí ó ti Kọjá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé èdè-àìyedè tí ó máa ń wáyé láàrin àwọn ọmọ bíbí ìlú Èkó àti àwọn tí wọ́n ti ibòmíràn wá tẹ̀dó síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti Èkó àtijọ́ tí àárò rẹ̀ ń sọ tọ̀tún tòsì. Ó fi hàn pé kì í ṣe ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì ń dárò. Ìlú tí ojú oníkálùkù là sí ni ó ń rántí, àsìkò tí ó sì dùn mọ́ ẹnì kan lè jẹ́ àsìkò tí wọ́n wó ilé ẹnì kejì. Ó tún fi hàn pé ohun tí ń sọ ìrántí di ìjà ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń pa ẹ̀tọ́ láti ṣe ìrántí pọ̀ mọ́ ẹ̀tọ́ láti ni ilẹ̀. Ní ìparí, ó dábàá ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà kọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì tí ọmọ onílùú àti ọmọ àlejò jọ wà.

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan kò ṣọ̀wọ́n ní Èkó, ìbáà jẹ́ ní ibi ìnáwó, ní ìdíkọ̀, tàbí nínú yàrá tí àwọn olùkọ́ ń jókòó sí. Àgbàlagbà kan tí a bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó yóò mí kanlẹ̀, yóò ní Èkó kò rí bí àwọn ṣe bá a mọ́, pé àwọn ará òkè ni wọ́n wá sọ ọ́ dà báyìí. Ẹnì kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú, Ọ̀wọ̀, Warri tàbí Owerri, ṣùgbọ́n tí a bí òun fúnra rẹ̀ sí Yábà, yóò gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Yóò ní àárò Èkó àtijọ́ ń sọ òun náà: ìgboro tí ó mọ́, omi ẹ̀rọ tí ń yọ, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í há sí. Níbi tí ó yẹ kí àwọn méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan, ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. “Èkó wo ni ìwọ mọ̀?” ni àgbàlagbà náà yóò bi í. “Bàbá, ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ẹ ni Èkó,” ni èkejì yóò fi fèsì.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé àwọn méjì tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ohun kan náà ni ó yẹ kí wọ́n máa tu ara wọn nínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àríyànjiyàn ẹnu lásán. Ní àsìkò ìdìbò sí ipò gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2023, ọ̀rọ̀ ta ni ó ni Èkó, ta sì ni àlejò níbẹ̀, gbóná débi pé ó dá ìpayà sílẹ̀ ní àwọn ibùdó ìdìbò kan. Bákan náà, láàrin Ilé-Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò di ogun láti ọdún 1997 sí 2000, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọmọ tí ó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí nílé ni ó ń gbé e wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí náà, olùkọ́ tí yóò kọ́ni ní ìtàn ìlú, àṣà Yorùbá tàbí ẹ̀kọ́ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìjà náà ti ṣẹ̀.

Kí ni àárò ìlú?

Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà sọ ọ̀rọ̀ yìí lè là wá lọ́yẹ. Wọ́n máa ń sọ pé àárò ń sọ ènìyàn. Bí a bá tú gbólóhùn náà palẹ̀, àárò ni olùwà, ènìyàn sì ni àbọ̀. Ènìyàn kọ́ ni ó pinnu láti ṣe é. Ohun tí ó wá bá a ni. Kò sí ẹni tí ó lè fi òfin dè é, kò sì sí ẹni tí ó nílò ìwé àṣẹ kí àárò tó lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn bíi “Adé ni ilẹ̀”, ènìyàn ni olùwà. Níní ilẹ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn ń jẹ́wọ́, tí ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí, tí ẹlòmíràn sì lè bá a jà lé lórí. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ibi tí wọ́n bá ti pa á rẹ́ ni ìjà ti ń wọlé.

Oríṣi àárò ìlú méjì ni ó wà. Èkíní ni ti arìnrìn-àjò tí ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Ìlú rẹ̀ wà níbi tí ó wà, bí ó bá padà sílé, ara rẹ̀ yóò balẹ̀. Èkejì ni ti ẹni tí kò kúrò níbì kan ṣùgbọ́n tí ìlú ṣí kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbé ní òpópónà tí wọ́n bí i sí, síbẹ̀ kò rí ilé tí ó mọ̀, kò gbọ́ orúkọ tí ó mọ̀, kò sì mọ ẹni tí ń bẹ nínú ilé kejì. Kò sí ọkọ̀ tí ó lè gbé e padà. Àárò kejì yìí ni ó wọ́pọ̀ jùlọ láàrin àwọn ọmọ Èkó, òun náà ni àwọn àtọ̀húnrìnwá tí wọ́n ti pẹ́ ní ìlú náà ń ní láìmọ̀ pé ó ti mú àwọn náà.

Ta ni onílé, ta ni àlejò?

Ìtàn Èkó kò jẹ́ kí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí rọrùn. Àwọn Àwórì ni ìtàn fi hàn pé wọ́n tẹ ibẹ̀ dó, láti Ìddó wọ erékùṣù tí a ń pè ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ tí wọ́n ń dé fìlà funfun ni olórí ìdílé tí ó ni ilẹ̀. Ìbìnní ní ọwọ́ nínú ìtàn oyè ọba níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń sọ ní Èkó àti ohun tí wọ́n ń sọ ní Ìbìnní lórí rẹ̀ kò dọ́gba. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn fi wà lórí orúkọ ìlú náà pàápàá, bóyá láti inú “oko” ni ó ti wá tàbí láti inú ọ̀rọ̀ Ìbìnní tí ó túmọ̀ sí àgọ́.

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn àlejò tuntun dé lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn Sàró dé láti Sàró, wọ́n sì pọ̀ ní Olówógbówó. Àwọn Àgùdà dé láti Brazil àti Cuba, wọ́n kọ́ ilé alárà sí Pópó Àgùdà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní ọdún 1851, ó sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà á láàyè láti padà lẹ́yìn tí Ọba Dòsùmú ti fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1861, àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí apá kan ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń sọ ìtàn wọn títí di òní, èyí ni Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.

Lóde òní, bí ọmọ Èkó kan bá ń ka ohun tí ó mú kí Èkó jẹ́ Èkó, yóò ka ilé aláràbarà Pópó Àgùdà mọ́ ọn, yóò ka fìrìjọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú Àjíǹde mọ́ ọn, yóò sì ka orúkọ àwọn ìdílé Sàró mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ pátá ni àlejò kó wá. Èyí kò sọ pé kò sí onílé ní Èkó. Ohun tí ó ń sọ ni pé láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún, àlejò lè di ohun tí onílé ń ṣe ìrántí rẹ̀.

Àárò Èkó pàápàá kì í ṣe ohun tuntun. Láàrin ọdún 1929 sí 1930, Isaac Babalọlá Thomas gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Obìnrin arúgbó tí ó ń ṣàìsàn ni ó ń sọ ìtàn náà, ó ń rántí ìgbà èwe rẹ̀ àti bí Èkó ṣe rí nígbà náà. Ìgbà tí ìran kan ń pè ní “àtijọ́ tí ó dára” ni ìran tí ó ṣáájú rẹ̀ ń pè ní “ayé tí ó ti bàjẹ́”. Ohun tí ó yí padà lẹ́yìn náà ni bí àyípadà ṣe yára tó. Ìkànìyàn ọdún 1952 rí ènìyàn tí ó lé ní 267,000 ní ìlú Èkó. Ti ọdún 1963 rí èyí tí ó lé ní 665,000. Nígbà tí ó fi di ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye ènìyàn tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Èkó lápapọ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì jiyàn pé wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ìlú mẹ́ta tí ó lọ

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń dárò ní pàtó, ó gbọ́dọ̀ béèrè ọdún. Ó kéré tán, ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn ń pè ní Èkó àtijọ́.

Èkíní ni Èkó agboolé. Ní ọdún 1955, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ìdàgbàsókè ìlú náà, tí a mọ̀ sí LEDB, bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn erékùṣù Èkó. Ètò náà kan ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí éékà 70. Ohun tí ìjọba sọ ni pé àwọn ilé ibẹ̀ ti há jù, pé wọ́n kò sì yẹ olú-ìlú orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́ gba òmìnira. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè, ní òdìkejì ọ̀sà. Peter Marris ṣe ìwádìí lórí àwọn ìdílé wọ̀nyí, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí ni pé ilé tuntun náà ní àyè, ṣùgbọ́n ó tú ẹbí ká. Ìyá tí ó ń gbé ní agboolé kan náà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ wá di ẹni tí ó ń san owó ọkọ̀ kí ó tó lè bẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin tí ń tajà ní iwájú ilé pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tí ìbátan ń gbọ́ bùkátà wọn lójoojúmọ́ kò rí wọn mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ní ilé tẹ́lẹ̀ kò rí owó tí wọn yóò fi ra ilẹ̀ wọn padà lẹ́yìn tí ìjọba ti tún un ṣe tán.

Èkejì ni Èkó olú-ìlú. Èyí ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́, oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wọ Èkó ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Wọ́n rí iṣẹ́, wọ́n rí ilé ìjọba, orin háíláìfù ń dún ní alẹ́. Ní ọdún 1976, ìjọba ológun pinnu pé olú-ìlú yóò kó lọ sí Àbújá. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991, wọ́n kó o lọ. Ilé ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń lò ní Ìkòyí wá dá páro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fún àwọn tí wọ́n wá nítorí olú-ìlú náà, Èkó wọn lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Èkó àwọn tí kò ní ìwé ilẹ̀. Ní oṣù Keje, ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó Máròkó, tí ó wà lẹ́bàá Victoria Island. Iye tí wọ́n sábà máa ń dá ni pé nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, ìyẹn 300,000, ni ó pàdánù ibùgbé láàrin ọjọ́ díẹ̀. Apá díẹ̀ nínú wọn rí ilé tí kò tíì parí gbà ní Ìlàsan àti Ìkòtá. Lónìí, ilé olówó ńlá ni ó wà lórí ilẹ̀ náà. Àtọ̀húnrìnwá ni ó pọ̀ nínú àwọn ará Máròkó, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí síbẹ̀ ní ọdún 1970 kò ní ìlú mìíràn láti rántí.

Bí a bá to ọdún wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ohun kan yóò hàn kedere. Èkó agboolé ni wọ́n wó kí Èkó olú-ìlú lè dùn ún wò. Àwọn ọdún tí àtọ̀húnrìnwá ń pè ní ìgbà ọ̀tun ni àwọn ọdún tí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ń di ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀kan bá ní “Èkó dùn nígbà náà”, èkejì ń gbọ́ pé “ìgbà tí wọ́n wó ilé yín ni ó dùn”. Ẹni tí ó sọ ọ́ kò ní i lọ́kàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń dun ẹni tí ó gbọ́ ọ.

Ìdí tí àárò àtọ̀húnrìnwá fi ń bí ọmọ onílùú nínú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ojú yìí ni ọmọ onílùú fi ń wo àárò àtọ̀húnrìnwá. Ó gbà pé ẹni tí ó dé lánàá lè rí ohun tí ó wà lánàá, ṣùgbọ́n kò lè mọ ohun tí ó ti gbó kí ó tó dé. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ẹ̀rù ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ọmọ onílùú ti rí i pé ọ̀rọ̀ ìrántí máa ń bí ọ̀rọ̀ ìní. Ẹni tí ó bá sọ lónìí pé “Èkó mi” lè sọ lọ́la pé Èkó kì í ṣe ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní ọdún 1913, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá, wọn kò sì fẹ́ gbà pé ìdílé Olúwa, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ni ó ni ín ní kíkún. Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa gbé ẹjọ́ náà dé London, ní ọdún 1921 ni ìgbìmọ̀ ìdájọ́ gíga jùlọ níbẹ̀ sì dá a láre pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí ó jogún rẹ̀, pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀. Ìdílé tí ó ti jà débi bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé ó ni ilẹ̀ rẹ̀ kò ní fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ tí ó bá jọ pé ó fẹ́ gbà á. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tẹnu mọ́ ọn pé gẹdẹgbẹ ni Èkó wà.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ọjọ́ Èyọ̀. Adámú Òrìṣà jẹ́ ayẹyẹ tí wọ́n fi ń bu ọlá ìkẹyìn fún ọba, olóyè tàbí ẹni pàtàkì tí ó ti re ibi àgbà ń rè. Ní ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà, kò gbọdọ̀ di irun ṣùkú, kò gbọdọ̀ mu sìgá níbi tí Èyọ̀ ń gbà kọjá. Nígbà tí Èyọ̀ jáde ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2017, láti fi ṣe àjọyọ̀ àádọ́ta ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, òfin yìí kan náà ni ó wà. Lójú àtọ̀húnrìnwá, ọjọ́ tí wọ́n dí ọ̀nà ni. Lójú ọmọ onílùú, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́ kù tí erékùṣù náà ń tẹ̀ lé ìlànà tí àwọn bàbá rẹ̀ fi lélẹ̀.

Ìdí tí ẹkún ọmọ onílùú fi ń dun àtọ̀húnrìnwá

Ẹkún náà, lápá kejì, máa ń ní ẹ̀sùn nínú. Bí wọ́n bá ní “Èkó ti bàjẹ́”, àtọ̀húnrìnwá a máa gbọ́ pé òun ni ó bà á jẹ́. Orúkọ bíi “ará òkè” kò sì mọ ní ìtọ́ka sí ibi tí ènìyàn ti wá. Ẹ̀gàn díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ti san owó orí fún ogójì ọdún, tí ó ti sin òbí méjèèjì sí ìlú náà, yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè ìgbà wo ni òun yóò dé.

Ó tún máa ń dun àtọ̀húnrìnwá pé Èkó tí wọ́n ń ṣàpèjúwe fún un ti mọ́ jù. Àgbàlagbà kì í sábà sọ pé àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, tí ó sì pa ènìyàn fún ọdún díẹ̀, àti pé òun ni ó mú kí ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní ọdún 1928. Ìrántí a máa yan ohun tí yóò mú dání. Ti àtọ̀húnrìnwá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: omi ẹ̀rọ tí ń yọ ní Ìkòyí nígbà náà kò dé gbogbo àdúgbò tí ó wà ní Múṣin.

Pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹ̀sùn náà kò bá ẹ̀rí mu. Kì í ṣe àwọn àtọ̀húnrìnwá ni wọ́n wó agboolé ní ọdún 1955, ìjọba ni. Ayálégbé tí ó wà nínú àwọn ilé náà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àlejò, jáde pẹ̀lú àwọn tí ó ni ilé. Owó gbà-má-bínú sì jẹ́ ti ẹni tí ó ni ilé, kì í ṣe ti ayálégbé. Kì í ṣe àtọ̀húnrìnwá ni ó kó olú-ìlú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ó ti ọwọ́ ìdílé bọ́ sí ọwọ́ àlejò, títà ni wọ́n tà á.

Ẹ̀tọ́ ìrántí yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ ilẹ̀

Ìtàn ẹjọ́ Olúwa ní ẹ̀kọ́ kejì nínú. Ẹni tí ó tẹ̀ lé Olóyè Olúwa lọ sí London ní ọdún 1920, tí ó sì ń bá a ṣe ògbufọ̀, ni Herbert Macaulay. Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni, Sàró ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Bí a bá fi ojú ìdílé wò ó, ọmọ àlejò ni. Síbẹ̀, òun ni ó fi ẹnu àti kálàmù rẹ̀ jà fún ilẹ̀ àwọn Ìdẹ́jọ àti fún ọlá ọba Èkó. Kò sọ ilẹ̀ náà di tirẹ̀ kí ó tó fẹ́ràn ìlú náà. Ó ya ìfẹ́ ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára níní ilẹ̀, àwọn ọmọ onílùú sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tiwọn.

Ilé Ìlójọ tí ó wà ní gbàgede Tinúbú fi ìdàkejì hàn. Àwọn Àgùdà kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855, ó sì jẹ́ ti ìdílé Fernandez kí ó tó di ti ìdílé Ọláìyá ní ọdún 1933. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Tọmọ onílùú tàtọ̀húnrìnwá ni ó dárò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń dárò kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ilé náà. Níbi tí ohun tí gbogbo ìlú ń rántí ti jẹ́ ohun ìní ìdílé kan, àárò nìkan kò lè gbà á là. Ìjọba tí ó fi òfin dè é gbọ́dọ̀ ran ìdílé tí ó ni ín lọ́wọ́ láti tọ́jú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ méjèèjì fi hàn pé àárò kò fún ènìyàn ní ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àìní ilẹ̀ kò gba àárò lọ́wọ́ ènìyàn. Bí ọmọ onílùú bá gba apá kejì ọ̀rọ̀ yìí, tí àtọ̀húnrìnwá sì gba apá kìíní, ìdí tí wọn yóò fi jà yóò dín kù púpọ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́

Olùkọ́ kọ́ ni yóò dájọ́ ta ni ó ni Èkó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ ọmọ láti béèrè ìbéèrè mẹ́ta nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú àtijọ́: Èkó ti ọdún wo? Ti àdúgbò wo? Ta ni ó wà níbẹ̀ nígbà náà tí kò sí níbẹ̀ mọ́?

Ọ̀nà kan tí ó rọrùn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà méjì lẹ́nu wò nípa òpópónà kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ ọmọ onílùú, kí èkejì jẹ́ ẹni tí ó wá. Kí ó má béèrè pé “Ṣé Èkó dára nígbà náà?” nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kò kọ́ni ní nǹkan kan. Kí ó béèrè orúkọ ilé tí ó wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń tà ní iwájú rẹ̀, ẹni tí ń gbé ní ilé kejì, àti ọdún tí ó yí padà. Ní kíláàsì, kí wọ́n fa ìlà kan sí ojú pátákó, kí wọ́n to ìdáhùn wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọdún wọn, kí wọ́n sì fi ọdún 1955, 1967, 1990 àti 1991 sí i. Àwọn ọmọ fúnra wọn yóò rí i pé ohun tí ó jọ irọ́ lẹ́nu àgbàlagbà kan jẹ́ òtítọ́ nípa ọdún mìíràn.

Ẹ̀kọ́ èdè náà wà nínú rẹ̀. Kí olùkọ́ tọ́ka sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin “onílé”, “onílẹ̀”, “ọmọ onílùú”, “àlejò”, “àtọ̀húnrìnwá” àti “ará òkè”, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n sọ èyí tí ó ní ẹ̀gàn nínú àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ọmọ onílùú kọ àròkọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ wá sí Èkó ní ọdún 1965, kí ọmọ àlejò sì kọ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kó láti erékùṣù lọ sí Sùúrùlérè ní ọdún 1957.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ pe ọmọ dìde láàrin kíláàsì kí ó ní kí ó sọ ìlú bàbá rẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò fi di ẹni ẹ̀sín. Bí olùkọ́ fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ onílùú tàbí àlejò, kí ó ṣọ́ ẹnu rẹ̀, nítorí pé “àwa” àti “ẹ̀yin” tí ó bá ti ẹnu olùkọ́ jáde kì í tètè kúrò ní etí ọmọ.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé pé èdè-àìyedè tí ó wà lórí àárò Èkó àtijọ́ kò dìde nítorí pé ọ̀kan fẹ́ràn ìlú náà ju èkejì lọ. Ó dìde nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo ni ìlú púpọ̀ ń jẹ́, àti nítorí pé àwọn ènìyàn ń fi ẹkún gba ilẹ̀, wọ́n sì ń fi ilẹ̀ ká ẹkún lọ́wọ́ kò. Ọmọ onílùú ní ohun tí ó pàdánù ní tòótọ́, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà. Àtọ̀húnrìnwá náà ní ohun tí ó pàdánù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ tó ti ẹnì kejì. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ jókòó sí àga kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́ Èkó lónìí ni wọn yóò máa rántí Èkó ti òní ní àádọ́ta ọdún sí i. Bí wọ́n bá ti kọ́ láti ìsinsìnyí bí a ṣe ń béèrè pé “Èkó wo?” láìfi ìbéèrè náà lé ẹnikẹ́ni jáde, wọn yóò lè jọ sọ ìtàn rẹ̀.